Ìlà méjì ti ẹyin kì í ṣe ìlà méjì ti oyún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 31 ni mí, Àpáta ni mò ń gbé. Ó ti pé oṣù 14 tí a ṣègbéyàwó, a ò tíì rí nǹkan kan. Mo ra sítírípù tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí ẹyin máa bọ́, ọjọ́ 8 gbáko ni mo fi ń rí ìlà méjì. Ẹnì kan tó ń ta àgbo lọ́jà ní họ́mọ́ọ̀nù mi ló dàrú, pé túùbù mi, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, dọ̀tí, ó sì ta omi tí wọ́n fi ń fọ túùbù fún mi ní 18,000 náírà. Ṣé kí n mu ún? Nínú ọjọ́ 8 yẹn, èwo gan-an ni kí èmi àti ọkọ mi sùn pọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má mu ún rárá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Mọ́kọ́lá níbi tí mo ti ń ta oògùn, ìyàwó kan tú tíṣù sórí káńtà mi. Sítírípù 6 ló wà nínú ẹ̀, ó fi báírò kọ déètì sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ti gbẹ. "Mà, ẹ bá mi wo èyí tó dáa níbẹ̀." Kò sí èyí tó dáa. Sítírípù tó ti gbẹ ò ṣeé kà mọ́. Bí ìṣẹ́jú 5 la fi ń wo púpọ̀ nínú wọn. Tó bá ti lé ní 10, ẹ sọ ọ́ nù.

Àbúrò mi, sítírípù oyún la kọ́kọ́ mọ̀, òun ló kọ́ wa pé ìlà kejì, kódà kó ṣe bàìbàì, ayọ̀ ti dé nìyẹn. Ti ẹyin ò rí bẹ́ẹ̀. Họ́mọ́ọ̀nù tí ti oyún ń wá kì í sábà sí lára ẹni tí kò lóyún. Àmọ́ LH, tí ti ẹyin ń wá, wà lára obìnrin lójoojúmọ́, ní díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlà kejì fi lè máa yọjú bàìbàì fún ọjọ́ 8. Kì í ṣe àrùn, kì í ṣe ìdọ̀tí, kò sì tíì jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni". Ọjọ́ tí ìlà tó sún mọ́ ibi tí ẹ tì bọ ìtọ̀ bá pọ́n tó ìlà ẹgbẹ́ ẹ̀, tàbí tó pọ́n jù ú lọ, ọjọ́ yẹn ni LH ru sókè. Ẹyin sì máa ń bọ́ ní nǹkan bíi wákàtí 24 sí 36 lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹ má wá jókòó de ọjọ́ yẹn o! Ẹyin kì í lò ju wákàtí 24 lọ, àtọ̀ sì lè lo ọjọ́ 5 lára obìnrin. Àtọ̀ ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ de ẹyin. Tí nǹkan oṣù bá ti dá, tí ẹ bá sùn pọ̀ lónìí, ẹ fo ọ̀la, ẹ tún ṣe é lọ́tùn-únla. Ọjọ́ tí ìlà bá pọ́n, àti ọjọ́ kejì ẹ̀, ẹ má fo ìkankan.

Ìtọ̀ ìdájí tí gbogbo ayé ń sọ, ti oyún náà ni. Ọ̀pọ̀ ìwé inú páálí ti ẹyin ń fẹ́ ti ọ̀sán, kí ẹ má mumi púpọ̀ fún wákàtí 2 ṣáájú. Ẹ ka tiyín. Láti mọ ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ 17 kúrò nínú iye ọjọ́ oṣù yín tó kúrú jù. Ẹni tó ń ka 28, ọjọ́ 11 ni, tí ẹ bá kà á láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀.

Tí ìlà bá pọ́n gan-an lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. PCOS, àìsàn kan tí kì í jẹ́ kí ẹyin bọ́ déédéé, lè fà á. Clomid, oògùn tí wọ́n fi ń mú kí ẹyin bọ́, náà lè fà á. Mi ò rí yín, mi ò lè sọ ọ́ látinú lẹ́tà, dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó fi sítírípù ìtọ̀ sọ pé túùbù dọ̀tí, irọ́ ló pa. Ìtọ̀ ò mọ túùbù. Fọ́tò tí wọ́n ń pè ní HSG ló ń fi túùbù tó dí hàn. Omi tí ẹ bá sì mu, inú ibi tí ẹ̀bà ń lọ ló ń lọ. Kò sọ́nà tó ti ọ̀fun já sí ilé ọmọ.

Ẹni tí kò tíì pé 35, ọdún kan la ní kó fi gbìyànjú kó tó wá àyẹ̀wò. Oṣù 6 fún ẹni tó ti pé e. Ẹ ti kọjá ọdún kan, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn UCH tàbí Adéọ̀yọ́ ní Ìbàdàn níbí, ẹ̀yin méjèèjì. Mo rí i pé ẹ ò sọ pé wọ́n ti yẹ ọkọ yín wò. Kí ọkọ yín lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkankan kan túùbù yín. Kò lábẹ́rẹ́ nínú. Kí wọ́n ṣáà má tú àtọ̀ fún ọjọ́ 2 ó kéré tán, kó má sì ju 7 lọ, kí wọ́n tó lọ.