Gáàsì gbígbóná tó ń hàn bí ibi títutù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gba àwòrán ojú ọ̀run ti sátẹ́láìtì Planck sórí kọ̀ǹpútà mi. Níbi tí àgbájọ gàláásì Coma wà, ó tutù ju àyíká rẹ̀ lọ ní 143 GHz (GHz ni wọ́n fi ń wọn bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe ń yára mì tó), ó sì gbóná jù ú lọ ní 353 GHz. Gáàsì tó gbóná gan-an ni wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Ṣé àwòrán yìí ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá. Ohun tí ẹ rí yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Rashid Sunyaev àti Yakov Zel'dovich ti sọ ní nǹkan bí ọdún 1970 pé a máa rí.

Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ tó ṣẹ́ kù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, tó kún ojú ọ̀run, ti tutù dé 2.725 Kelvin. Gáàsì inú Coma ní tirẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 Kelvin, àmọ́ ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún fótọ́ọ̀nù (ẹyọ ìmọ́lẹ̀) tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, bóyá la fi rí ẹyọ kan tó máa kọlu ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú gáàsì náà. Èyí tó bá kọlù ú sábà máa ń gba agbára kún tirẹ̀, GHz rẹ̀ á sì ga sí i.

Ibi tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyí: ìkọlù yẹn kì í dá fótọ́ọ̀nù tuntun, kì í sì í pa èyíkéyìí rẹ́. Ńṣe ni wọ́n ń ṣí nípò, bí èrò tó ti ìsàlẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn tó yẹ ká bá ní 143 GHz ti gòkè lọ, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ wá dín kù, àwòrán sì pè é ní títutù, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó tutù. Ní 353 GHz, àwọn tó gòkè ti pọ̀ sí i. Ní nǹkan bíi 217 GHz, èyí tó lọ àti èyí tó dé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ipa gáàsì náà á sì pòórá.

Ìyẹn lẹ máa fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ibi tó tutù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé kì í yí padà: iye Kelvin kan náà lẹ máa rí nínú àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ mú kí àwòrán 143 àti 217 mọ́ kedere dé ìwọ̀n kan náà, kí ẹ wá yọ 217 kúrò lára 143. Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ á lọ, Coma á ṣẹ́ kù.

Eruku gàláásì tiwa náà máa ń tàn ní 353 GHz. Coma ò ní yọ yín lẹ́nu jù, torí apá ibi tí eruku ti ṣọ̀wọ́n ló wà. Fún àwọn àgbájọ mìíràn, ẹ wo 857 GHz, níbi tí eruku ti máa ń hàn kedere. Ṣùgbọ́n MJy/sr (ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó) ni wọ́n fi wọn àwòrán 545 àti 857 GHz, kì í ṣe Kelvin, ẹ má fi wọ́n yọ kúrò lára àwọn yòókù láìyí i padà.