Ṣé Hitler nìkan ló ba ogun jẹ́ mọ́ àwọn ọ̀gágun Jámánì lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Tíṣà hísítìrì ni mí nílé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi wo fídíò kan tó ní Jẹ́nẹ́rà Stáàfù àwọn ará Jámánì ni ọpọlọ ogun tó dáa jù tí ayé tíì rí, pé ká ní Hitler gbọ́ sí wọn lẹ́nu ni, wọn ì bá borí nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àti pé àwọn ọ̀gágun yẹn ò lọ́wọ́ nínú ìpànìyàn, SS, ìyẹn àwọn agbébọn ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, ló ṣe gbogbo ẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé Jámánì ṣì ní irú àjọ yẹn lónìí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Tíṣà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, kì í ṣe tiyín o, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe sẹ́mínà lídáṣípù náà ti gbé e báyìí, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti kọ́ wọn ní "ọgbọ́n Jẹ́nẹ́rà Stáàfù". Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ọ̀gágun tọ́rọ̀ náà kàn gan-an ló pìtàn yẹn fún aráyé, torí kí wọ́n lè bọ́ nínú ẹ̀bi.

Ẹ kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe fún àwọn ọmọ yẹn. Jẹ́nẹ́rà Stáàfù kì í ṣe ìpàdé àwọn jẹ́nẹ́rà. Káputéènì àti méjọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn, ìdánwò ni wọ́n fi ń yàn wọ́n, wọ́n á kọ́ wọn, wọ́n á wá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá tó ń darí ogun, kí wọ́n máa bá a ṣètò ọ̀nà, máàpù, rélùwéè, oúnjẹ àti ọta, kí wọ́n sì máa gbà á nímọ̀ràn. Prussia, ìjọba kan nínú ilẹ̀ Jámánì ìgbà yẹn, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn tí Napoleon lù wọ́n bolẹ̀ ní Jena àti Auerstedt lọ́jọ́ 14 Ọ̀kitóbà 1806. Scharnhorst àti Gneisenau, àwọn ọ̀gágun Prussia, rí i pé ọmọ ọba àti ọmọ ọlọ́lá tí wọ́n kàn fi jọ̀gá torí ìdílé ò lè gbọ́n tán, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó kàwé ogun tì wọ́n. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ ogun ní Berlin ní 1810. Nígbà tó di ayé Moltke, tó ṣolórí wọn láti 1857 sí 1888, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi rélùwéè àti tẹlígíráàfù kó ọmọ ogun rẹpẹtẹ jọ sójú kan, wọ́n ṣẹ́gun Ọ́sítríà ní Königgrätz ní 1866, wọ́n sì mú ọba Faransé fúnra ẹ̀ ní Sedan ní 1870. Gbogbo ayé wá ń wò wọ́n kọ́ṣẹ́. Mi ò sọ pé wọn ò mọṣẹ́.

Àmọ́ ẹ bi àwọn ọmọ yẹn pé, ní 1914, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, níbo ni Hitler wà? Sójà lásán ni, kò láṣẹ lórí ẹnikẹ́ni. Àwọn Jẹ́nẹ́rà Stáàfù ló jókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ń ṣe ètò tí Schlieffen, olórí wọn tẹ́lẹ̀, fi sílẹ̀, pé kí wọ́n gba Bẹ́ljíọ̀mù kọjá, kí wọ́n pa Faransé láyò kíákíá, kí wọ́n tó yíjú sí Rọ́ṣíà. Gbígba Bẹ́ljíọ̀mù kọjá yẹn ló fa Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun, wọ́n dé odò Marne ní Faransé ní Sẹ̀tẹ́ńbà, wọ́n sì ní láti padà sẹ́yìn. Láti 1916, Hindenburg àti Ludendorff, àwọn ọ̀gágun méjì tó wà lókè pátápátá, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa darí Jámánì fúnra wọn, àwọn ló ti ìjọba lẹ́yìn kí ọkọ̀ abẹ́ omi máa rì ọkọ̀ gbogbo láìdá ẹnìkan sí láti Fẹ́búárì 1917, Amẹ́ríkà sì wọ ogun ní Éépìrì. Nígbà tó wá bàjẹ́ tán, Ludendorff fúnra ẹ̀ ló sọ ní ìparí Sẹ̀tẹ́ńbà 1918 pé kí wọ́n tètè lọ bẹ̀bẹ̀ kí ogun dáwọ́ dúró, kò sì pẹ́ tó tún ń káàkiri pé àwọn olóṣèlú àti àwọn Júù ló fi ọ̀bẹ gún ológun lẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn, torí pé ohun kan náà ni wọ́n tún ṣe lẹ́yìn 1945, Hitler ni wọ́n kàn wá dì í rù.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí 1941, torí ibẹ̀ ni fídíò wọ̀nyẹn máa ń dúró sí. Franz Halder ni olórí Jẹ́nẹ́rà Stáàfù láti 1938 di Sẹ̀tẹ́ńbà 1942. Ó ti ń ronú bí wọ́n ṣe máa kọlu Rọ́ṣíà láti ìbẹ̀rẹ̀ Júláì 1940, kí Hitler tó kó àwọn ọ̀gágun jọ lọ́jọ́ 31 oṣù yẹn tó sọ ọ́ fún wọn. Ọjọ́ 22 Júùnù 1941 ni ogun bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 Júláì, ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé, ó kọ ọ́ sínú dáyárì ara ẹ̀ pé kò ní jẹ́ àsọdùn tí òun bá ní ọ̀sẹ̀ méjì làwọn fi borí. Ní 11 Ọ́gọ́ọ̀sì, ó tún kọ ọ́ pé àwọn fojú kéré Rọ́ṣíà, pé dífíṣọ̀n (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá) bí 200 làwọn rò pé wọ́n ní, àwọn sì ti ka 360. Ta ló ṣèṣirò yẹn? Kì í ṣe Hitler.

Wọ́n á ní ká ní Hitler jẹ́ kí wọ́n kọrí sí Moscow, olú ìlú Rọ́ṣíà, ní Ọ́gọ́ọ̀sì dípò Kiev ní Ukraine ni. Lóòótọ́ Hitler ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí Kiev, Halder sì bínú gidi. Ṣùgbọ́n Eduard Wagner, ọ̀gá tó wà nídìí oúnjẹ, epo àti ọta nínú Jẹ́nẹ́rà Stáàfù, ti ṣírò ẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ pé nǹkan bí 500 kìlómítà ni ẹrù lè tẹ̀ lé ọmọ ogun dé, láti bọ́dà sí Moscow sì tó 1,000 kìlómítà, ojú irin Rọ́ṣíà tún fẹ̀ ju ti Jámánì lọ, wọ́n ní láti máa tún un tò bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n mọ èyí, wọ́n ṣáà lọ. Ọjọ́ 13 Nòfẹ́ńbà, nílùú Orsha ní Belarus, Halder pe àwọn olórí òṣìṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ogun jọ, àwọn kan sọ fún un pé ó ti rẹ àwọn ọmọ ogun, pé òtútù ti dé, òun ló ń tì wọ́n pé kí wọ́n ṣì máa lọ. Ọjọ́ 5 Dìsẹ́ńbà ni Rọ́ṣíà dojú ìjà kọ wọ́n níwájú Moscow.

Ìpàdé Orsha yẹn náà ló dáhùn ọ̀rọ̀ "ọwọ́ wọn mọ́". Ibẹ̀ ni Wagner ti sọ pé àwọn tí wọ́n mú lójú ogun tí wọn ò lè ṣiṣẹ́, kí ebi pa wọ́n kú. Ọ́físà Jẹ́nẹ́rà Stáàfù ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe SS. Nínú sójà Rọ́ṣíà bí mílíọ̀nù 5.7 tí wọ́n mú láàárín ogun yẹn, ó lé ní mílíọ̀nù 3 tó kú sí wọn lọ́wọ́, àwọn tó pọ̀ jù ló sì kú sí àgọ́ tó wà lábẹ́ àwọn ológun. Àṣẹ tó ní kí wọ́n máa yìnbọn pa àwọn olóṣèlú tó ń bá ọmọ ogun Rọ́ṣíà rìn, ọjọ́ 6 Júùnù 1941, ọ́fíìsì ológun ló ti jáde.

Tí ẹnìkan bá sì ní Hitler ló bà wọ́n níwà jẹ́, ẹ mú un wá sí ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ibi tí a ń pè ní Namibia lónìí. Ní 1904, Jẹ́nẹ́rà Stáàfù ní Berlin ló ń darí ogun tí ọ̀gágun wọn, von Trotha, bá ẹ̀yà Herero tó ń gbé níbẹ̀ jà. Wọ́n lé àwọn èèyàn náà, tọkùnrin tobìnrin tọmọdé, wọ inú aṣálẹ̀ Omaheke, wọ́n sì dí ojú omi mọ́ wọn. Ìwé tí Jẹ́nẹ́rà Stáàfù fúnra ẹ̀ tẹ̀ jáde lórí ogun yẹn fi yangàn pé aṣálẹ̀ ló máa parí ohun tí ìbọn Jámánì bẹ̀rẹ̀, ìyẹn láti pa àwọn Herero run. Hitler ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà yẹn.

Báwo wá ni irọ́ yẹn ṣe tàn kálẹ̀? Lẹ́yìn ogun, ọkàn Amẹ́ríkà ti kúrò lára Jámánì, ó ti wà lára Rọ́ṣíà, wọ́n wá kó àwọn ọ̀gágun Jámánì jọ pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa bí a ṣe ń bá Rọ́ṣíà jà. Halder ló darí iṣẹ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba Amẹ́ríkà tún fún un ní ẹ̀yẹ ní 1961. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà: Rọ́ṣíà ti ti ilẹ̀kùn àkọsílẹ̀ tiwọn, Hitler ti kú, ta ló máa já wọn nírọ́?

Kí ẹnìkan má lọ sọ pé mo ní Hitler ò ṣàṣìṣe o. Ó ṣe é yanturu, òun ló ní kí ọ̀gágun Paulus má kúrò ní Stalingrad ní Rọ́ṣíà nígbà tí wọ́n ká a mọ́. Gbogbo ọ́físà kọ́ ló sì dákẹ́, Ludwig Beck fi ipò olórí sílẹ̀ ní 1938 torí kò fẹ́ ogun, Stauffenberg gbé bọ́ǹbù láti fi pa Hitler lọ́jọ́ 20 Júláì 1944, àwọn méjèèjì sì kú sí i. Àwọn kan á tún sọ fún yín pé ilé ẹjọ́ Nuremberg, tó gbẹ́jọ́ àwọn aṣáájú Jámánì lẹ́yìn ogun, dá Jẹ́nẹ́rà Stáàfù láre ní 1946. Àwọn adájọ́ ní kì í ṣe ẹgbẹ́ bí òfin ṣe túmọ̀ ẹgbẹ́ ni, wọ́n tún sọ pé àwọn ọ̀gágun yẹn dójú ti iṣẹ́ ológun, pé kí wọ́n mú wọn lẹ́jọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà Tíṣà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ Halder ti 3 Júláì àti ti 11 Ọ́gọ́ọ̀sì sójú bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ ní káwọn ọmọ fúnra wọn sọ ẹni tó ṣi ìṣirò. Tó bá jẹ́ ìdánwò ni wọ́n ń múra fún, sílábọ́ọ̀sì yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé o, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí ẹni tó máa máàkì fẹ́. Sẹ́mínà wọ̀nyẹn ní tiẹ̀, ẹ má fowó yín ṣòfò.

Ìbéèrè kejì: ìwé àdéhùn Versailles tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ti fòfin de Jẹ́nẹ́rà Stáàfù ní 1919, ọ̀gágun Seeckt fi orúkọ mìíràn bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e jáde padà ní 1935, ó sì parí pẹ̀lú ogun ní 1945. Lónìí, Jámánì ṣì ń kọ́ irú àwọn ọ́físà bẹ́ẹ̀ ní Hamburg, ẹ máa rí "i.G." lẹ́yìn oyè wọn, ṣùgbọ́n kò sí àjọ kan tó dá dúró bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, mínísítà tí kì í ṣe ológun ló wà lórí wọn, wọn ò sì lè kó ọmọ ogun lọ jà nílẹ̀ òkèèrè àyàfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá fọwọ́ sí i.