Omi ewúro àti oògùn àtọ̀gbẹ: ohun tí ojú mi rí

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá kí màmá wọn máa mu omi ewúro pọ̀ mọ́ oògùn àtọ̀gbẹ tí dókítà kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún wọn. Ojú mi ti rí i.

Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ kan, ni wọ́n kọ fún mi nígbà náà. Ewúro sì wà lẹ́yìnkùlé wa. Màámi ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fún un: ẹ ó já ewé tútù, ẹ ó ṣan yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ẹ ó wá fi ọwọ́ méjèèjì rún un nínú omi díẹ̀ títí yóò fi hó bí ọṣẹ, kí ẹ tó sẹ́ ẹ. Ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ṣúgà mi wálẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. N kò sọ fún dókítà, torí mo ní ewé ọbẹ̀ lásán ni.

Alẹ́ ọjọ́ kan, mo lo oògùn, mo gbé ife ewúro mu, oorun sì gbé mi lọ láìjẹun. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì òru, mo ti làágùn yọ̀bọ̀, aṣọ mi rin gbingbin, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mò ń sọ kántankàntan. Ìyàwó mi gún mi níka, ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ṣúgà wò kọ 46 mg/dL. Bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wá sísàlẹ̀ 70. Ó po ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́ta sínú omi, ó ń rọra fún mi mu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ó tún gún mi: 61. Ó po òmíràn. (Ká ní mo ti dákú ni, kò gbọdọ̀ rọ nǹkan kan sí mi lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni tààrà.)

Ewúro ń ṣiṣẹ́ o! Àwọn oníwádìí fún eku tó ní àtọ̀gbẹ mu, ṣúgà wọn wálẹ̀. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Glibenclamide á máa ti ara láti tú ínsúlín, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, jáde, yálà èèyàn jẹun tàbí kò jẹ. Ẹ wá gbé ewúro lé e lórí láìjẹun. Ti àgbàlagbà tún le sí i, pàápàá bí kíndìnrín wọn kò bá lágbára mọ́, torí oògùn yẹn á pẹ́ lára wọn.

Dókítà ti yí tèmi sí metformin, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn. Mo ṣì ń mu ewúro, àmọ́ ààbọ̀ ife ni, láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, dókítà sì mọ̀. Mo ń kọ iye ṣúgà mi sínú ìwé lójoojúmọ́. Ẹ̀fọ́ ewúro tí a fọ̀ dáadáa, mò ń jẹ ẹ́ bó ṣe wù mí. Ṣùgbọ́n àgbo inú ìgò tí ẹni tó ń tà á kò lè dárúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, n kì í fẹnu kàn án.

Ẹ wo ara páálí oògùn màmá, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ẹ sì bá wọn ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò kí ẹ tó já ewé kankan.