Èsì fún àbúrò mi ní Kétu tí wọ́n ní kó máa sọ gbogbo eré ìdárayá

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní ọdún méjì rèé tí o ti ń sọ bọ́ọ̀lù lédè Yorùbá lórí rédíò, wọ́n wá ní kí o fi háńdíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sáwọ̀n, àti eré kẹ̀kẹ́ kún un, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ kí èyí tí o mọ̀ má bàa bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Gbà á. Ṣùgbọ́n má gbà á bí èmi ṣe gbà á.

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, ọ̀gá wa nígbà yẹn pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé ẹni tó máa sọ háńdíbọ́ọ̀lù kò wá. "Lọ bá wa sọ ọ́. Bọ́ọ̀lù ṣáà ni bọ́ọ̀lù." Kò fún mi ní ìwé orúkọ àwọn eléré, èmi náà ò bèèrè. Àwọn obìnrin ló ń gbá a. Kò tíì pé ìṣẹ́jú méjì, ọmọbìnrin kan di bọ́ọ̀lù mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta, mo figbe ta: "Ó ti gbé bọ́ọ̀lù rìn!" Réfírì ò fọn fèrè. Ọmọ yẹn fò sókè, ó sọ ọ́ sáwọ̀n, gbogbo èèyàn ń hó, èmi ṣì ń bá réfírì jà lórí afẹ́fẹ́. N kò mọ̀ pé òfin gba ìgbésẹ̀ mẹ́ta láyè. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn ńkọ́? Ọ̀dà ara ẹ̀ ti ṣí, n kò mọ 6 yàtọ̀ sí 8. Ọmọdékùnrin kan tó jókòó tì mí ló ń sọ orúkọ sí mi létí, ó sì ń ṣì í. Nígbà ìsinmi, bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, rédíò kékeré lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ló ju gọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú èyí tí ẹ sọ yẹn. Ẹ ò tíì dárúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan." Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọ̀gá tó ní bọ́ọ̀lù ni bọ́ọ̀lù ló gé owó mi lóṣù yẹn. Irú wọn kì í jókòó sídìí máíkì.

Òfin ò le, wàá kà á: èèyàn 7 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì.

Má sì rò pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò lè dójú tì ọ́ mọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje 2019, mo jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n ní sítúdíò, Bẹ̀nẹ̀ àti Mòrókò ń gbá a ní Kàírò nínú Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, 1-1, eré fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n fún Mòrókò ní pẹnáritì. Bí Ziyech, agbábọ́ọ̀lù Mòrókò, ṣe gbá a báyìí ni mo ti ní, "Ó ti wọlé!" Òpó ló gbá. Igbe ayọ̀ àdúgbò ló sọ fún mi pé irọ́ ni mo pa. Èèyàn 10 la kù nígbà àfikún àkókò, a sì borí 4-1 nídìí pẹnáritì, ìgbà àkọ́kọ́ tí Bẹ̀nẹ̀ máa dé kọ́tà fáínà. Ẹnu mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́, ọkàn mi ti kú. Jẹ́ kí ojú ẹ rí i tán kí ẹnu tó sọ ọ́.

Gba ìwé àdéhùn o! Mo sọ eré kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa níhìn-ín, títí eruku fi di ọ̀fun mi, n kò rí owó ẹ̀ gbà di òní. Omi dídì náà, má mu ún kí o tó sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tó wá kọ́ wa níṣẹ́ sọ pé èdè Yorùbá ò lọ́rọ̀ fún eré kẹ̀kẹ́, kí á máa fi Faransé sọ ọ́. Tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá sá sẹ́yìn ẹni iwájú kí atẹ́gùn má lù ú, mo máa ń ní, "Ó ti fi ti iwájú ṣe ògiri." Ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà mọ ohun tí mò ń wí.

Ìwé orúkọ, gbà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí wọ́n bá ní kò sí, tètè dé pápá, kí o tọ àwọn ọmọ náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ Gùn ni o, ọmọ Fọ̀n ni o, kí kálukú fẹnu ara ẹ̀ pe orúkọ ẹ̀ sí ọ létí.