Íápíìsì ń sọ̀rọ̀, sípíkà dákẹ́: níbo ni ohùn há sí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òṣogbo. Mo ra laptop tòkunbọ̀ kan ní oṣù méjì sẹ́yìn, àbúrò mi sì bá mi fi Linux Mint 22 sí i nítorí pé Windows tó wà lórí rẹ̀ ti ń falẹ̀ jù. Gbogbo nǹkan ló ń lọ dáadáa, àfi ohùn. Bí mo bá ki íápíìsì bọ̀ ọ́, mo ń gbọ́ ketekete. Bí mo bá yọ ọ́, sípíkà á dákẹ́ lọ gbári. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní sípíkà ti jó, pé kí n mú owó sípíkà tuntun wá. Ṣé kí n mú un wá? Ìkejì, nínú íápíìsì náà, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa ń gé. Mo ka “ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀” sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n “kọ” lásán ni ti àkọ́kọ́ ń dún.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ o, Olùkọ́. Ẹ má tíì mú owó kankan jáde. Sípíkà lè ti jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ohun tí ẹ kọ yìí.

Ọ̀rọ̀ íápíìsì yẹn gan-an ló sọ púpọ̀ fún mi. Kí ohùn tó dé etí yín, ohun tí ẹ fi ń gbọ́ ọ, bíi VLC, á gbé e fún PipeWire, ètò tó ń pín ohùn káàkiri. PipeWire á gbé e fún ALSA, ètò tó ń bá káàdì ohùn sọ̀rọ̀, tó wà nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀. ALSA á gbé e fún káàdì ohùn, ìyẹn ṣíìpù kékeré kan tó wà lórí bọ́ọ̀dù. Ibi ṣíìpù yìí ni ọ̀nà ti yà sí méjì: ọ̀kan lọ sí ihò íápíìsì, ìkejì lọ sí sípíkà. Ẹ fi wé omi tó ń ti inú táǹkì orí òrùlé bọ̀. Bí omi bá ń yọ ní balùwẹ̀ tí kò yọ ní ilé ìdáná, kò sẹ́ni tó máa gun òrùlé lọ tú táǹkì palẹ̀. Íápíìsì yín ń dún, torí náà gbogbo ọ̀nà láti VLC dé orí ṣíìpù yẹn ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ibi tí ọ̀nà ti yà ni kí á ti wá a. Ẹ sì tún rò ó báyìí: sípíkà méjì ló sábà máa ń wà nínú laptop, ọ̀tún àti òsì. Ó ṣòro díẹ̀ kí méjèèjì jó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ihò íápíìsì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń mọ̀ bí nǹkan bá wọlé. Bí ẹ bá ki íápíìsì bọ̀ ọ́, irin náà á sún, káàdì ohùn á gbọ́, ohùn á sì kúrò ní sípíkà. Bí irin yẹn bá tẹ̀, tàbí tí ìdọ̀tí há a mọ́bẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa rò pé íápíìsì ṣì wà níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè gbé tirẹ̀ wá bá mi rí. Wọ́n ti pààrọ̀ sípíkà rẹ̀ níbòmíràn, kò sì dún síbẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò náà, mo rí nǹkan eléèérú kan tó ká jọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo pa ẹ̀rọ, mo fi igi ìtayín fà á díẹ̀díẹ̀. Òwú inú báàgì ni, ó ti di kókó pọ̀ mọ́ eruku. Bí mo ṣe tún un tàn tí mo ṣí fídíò kan, sípíkà bú sọ́rọ̀. Ó dùn mí fún ìyá náà, nítorí owó sípíkà tó ti san kò ní padà.

Nítorí náà, ẹ pa ẹ̀rọ yín, ẹ tan iná sínú ihò náà, kí ẹ sì fi igi ìtayín yọ ohun tí ẹ bá rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí píìnì ṣe é, torí irin lè ba irin inú ibẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́, kí ẹ yọ ọ́, bíi ìgbà mẹ́wàá, kí irin tó há lè tú.

Bí kò bá tíì dún, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sọ ohun tó rò. Ẹ ṣí terminal, ìyẹn ojú tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ẹ kọ èyí (sudo ni pé kó ṣe é pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá ẹ̀rọ):

sudo apt install pavucontrol

Ẹ ṣí pavucontrol, ètò tí a fi ń yan ibi tí ohùn ń gbà, ẹ lọ sí Output Devices, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Port sí. Bí kò bá sí nǹkan kan nínú ihò, síbẹ̀ tí ẹ rí Headphones pẹ̀lú plugged in lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ihò náà ló ń parọ́. Ẹ yan Speakers fúnra yín níbẹ̀, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ HDMI ni wọ́n yàn, ohùn yín ń lọ sí tẹlifíṣọ̀n tí kò sí níbẹ̀. Ẹ yí i padà.

Ibi tó kàn ni alsamixer, ètò tí a fi ń gbé ohùn káàdì sókè sódò. Ẹ kọ alsamixer sínú terminal, kí ẹ tẹ F6, kí ẹ sì yan káàdì yín gan-an, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ HDA Intel PCH. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ F6 yìí, wọn kì í sì í rí ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ máa rí àwọn ọ̀pá tó dúró ṣánṣán: Master, Headphone, Speaker. Ẹ fi bọ́tìnì ọfà lọ sórí Speaker. Bí ẹ bá rí MM nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tẹ M, á di 00, kí ẹ wá fi ọfà òkè gbé e sókè. Ẹ tẹ̀ síwájú dé Auto-Mute Mode. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ yí i sí Disabled. Òun ló ń pa sípíkà lẹ́nu mọ́ nígbà tí ihò bá ní íápíìsì wà. Bí ihò bá ti ń parọ́, ọ̀nà tó rọrùn jù nìyẹn láti má ka irọ́ náà sí, kódà láì tú kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ Esc, ẹ kọ sudo alsactl store kó má bàa gbàgbé, kí ẹ wá dán an wò:

speaker-test -c 2 -t wav

Obìnrin kan á máa pe Front Left, Front Right. Bí òsì nìkan bá dún, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀tún nìkan ló kù láti tọ́jú. Ctrl àti C ni ẹ ó fi dá a dúró.

Ìmọ̀ràn tó ti pẹ́ lè ṣi yín lọ́nà níhìn-ín. Ẹ lè rí ẹni tó máa ní kí ẹ kọ pulseaudio -k. PulseAudio ló ń ṣe iṣẹ́ PipeWire yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n Fedora, irú Linux mìíràn, ti gbé e fún PipeWire láti ọdún 2021, Ubuntu, irú Linux mìíràn, tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Mint náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Mint 22 ní 2024. Bí ẹ bá fẹ́ tún ohùn bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ yín, èyí ni kí ẹ kọ, láì fi sudo sí i:

systemctl --user restart wireplumber pipewire pipewire-pulse

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fi Mint tàbí Ubuntu tó tuntun jù sórí fúláàṣì, kí ẹ tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀ láì fi í sínú ẹ̀rọ. Bí sípíkà bá dún níbẹ̀, sípíkà yín pé, ètò tó wà nínú ẹ̀rọ ló nílò àtúnṣe. Bí kò bá dún, kò tíì túmọ̀ sí pé ó jó, ṣùgbọ́n ó ti tó láti jẹ́ kí ẹnìkan tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó ń gé: káàdì ohùn ló ń sùn kó má bàa jẹ bátìrì. Bí ẹ bá tẹ orin, ó ń jí lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè tí ohùn ń yí ìtumọ̀ padà bíi tiwa, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré fún ọmọ tó ń kọ́ ọ. Ẹ kọ èyí sórí ìlà kan:

echo "options snd_hda_intel power_save=0" | sudo tee /etc/modprobe.d/ohun.conf

Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn. Bátìrì lè tètè tán díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. PipeWire pàápàá máa ń jẹ́ kí káàdì sinmi bí kò bá sí ohun tó ń dún, nítorí náà, bí ó bá ṣì ń gé, ẹ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan síwájú ohun tí ẹ gbà sílẹ̀. Audacity, ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ tí a sì fi ń tún un ṣe, lè ṣe é fún yín.

Fún ẹlòmíràn tó bá ń ka èyí, tí íápíìsì àti sípíkà rẹ̀ jọ dákẹ́, tó sì ń rí Dummy Output: ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kò rí káàdì ohùn kankan rárá. Lórí ọ̀pọ̀ laptop Intel tó jáde láti bíi 2019, firmware (ètò kékeré tí káàdì ohùn nílò kó tó lè ṣiṣẹ́) tí wọ́n ń pè ní SOF ni kò sí. Lórí Debian, Ubuntu àti Mint tuntun, sudo apt install firmware-sof-signed ló máa ń mú un wá.

Olùkọ́, bí ó bá wá di dandan kí wọ́n tú tiyín, ẹ dúró tì wọ́n. Wáyà sípíkà parí sí búlọ́ọ̀gì (plug) kékeré kan tó wọnú bọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti tú rí kó tó dé ọwọ́ wa, ẹni tó tú u sì lè gbàgbé láti fi búlọ́ọ̀gì náà padà. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, kí wọ́n sì tan ẹ̀rọ lójú yín kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.