Tíṣà kan, kíláàsì mẹ́ta, gbọ̀ngàn ìjọ kan ṣoṣo

Àǹtí tí ó ní wọ́n kó Pírámárì 3, 4 àti 5 fún òun nìkan nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Ìbàdàn, tí ohùn rẹ̀ ń há kí ó tó di ọ̀sán, tí ó wá ń béèrè bóyá kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira. Iṣẹ́ yìí gan-an ni mo ṣe fún ọdún gbọọrọ ní ìhà Olódó, ní Ìbàdàn yìí náà. Bẹ́ǹṣì tí àwọn ìyá ìjọ ń jókòó sí lọ́jọ́ Ìsinmi ni àwọn ọmọ ń fi ṣe tábìlì, wọ́n á kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ̀wé lórí rẹ̀.

Ẹ má pín ohùn yín. Kíláàsì kan ṣoṣo ni kí ẹ máa fi ẹnu kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń pa tíṣà ni kó sọ gbólóhùn kan fún Pírámárì 3, kó sáré lọ kọ ìṣirò fún 5, kó tún padà wá bá 4 wí, kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Nígbà tí agogo ìsinmi ọ̀sán bá máa fi lù, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì sí kíláàsì tó gbọ́ ẹ̀kọ́ kan délẹ̀.

Kí àwọn ọmọ tó wọlé láti ibi àdúrà àárọ̀, ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà pín pátákó sí mẹ́ta, kí iṣẹ́ kíláàsì méjì sì ti wà lójú pátákó. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun tuntun lẹ kọ síbẹ̀, “Àǹtí! Àǹtí!” lẹ máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Pírámárì 3 ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí wọn ò lè dúró. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n ti dé ìdí ìlù ìjọ. (Ẹ bá mi bẹ ẹni tó ń lu ìlù yẹn kó máa kó ọ̀pá rẹ̀ lọ ilé.) Àwọn Pírámárì 5 lè dúró, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́, torí ọ̀pọ̀ òbí ló ń fẹ́ kí ọmọ ti ibẹ̀ ṣe ìdánwò wọ girama, wọn ò ní dúró de 6.

Ibi tí ẹ ti máa rí ìsinmi ni kí ẹ wá ẹ̀kọ́ tí kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jọ jẹ nínú rẹ̀. Ẹ wo ìdá (fraction) nínú ìṣirò. Mo máa ń gé kàlẹ́ńdà ìjọ tó ti kọjá sí ọ̀já gígùn tó dọ́gba, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba méjì. Gbogbo wọn á ká ẹyọ kan sí méjì: ìdajì nìyẹn. Wọ́n á ká èkejì sí méjì, wọ́n á tún un ká: ìdá mẹ́rin. Iṣẹ́ Pírámárì 3 parí síbẹ̀, kí wọ́n lọ yà á, kí wọ́n kun ún. Pírámárì 4 á kó ìdá mẹ́rin méjì lé orí ìdajì, wọ́n á fojú ara wọn rí i pé 2/4 àti 1/2 kò ju ara wọn lọ. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ Pírámárì 5 pé 1/2 + 1/4 jẹ́ mélòó. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan á sọ pé 2/6, nítorí ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ má nà án. Ẹ ní kó ká ọ̀já mìíràn sí mẹ́fà, kó mú méjì, kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó kúrú jù ú lọ! A ro nǹkan mọ́ ìdajì, ó wá dín kù? Àwọn fúnra wọn á máa jiyàn, àwọn Pírámárì 4 á sì dá sí i, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé méjì nínú mẹ́rin ni ìdajì. Bí a bá fi ọ̀kan kún un, mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kù kí wọ́n sọ. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló ti ẹnu yín jáde.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ìlànà tí wọ́n kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà (ìjọba ti yí i padà lẹ́yìn ìgbà yẹn) ni pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí Gẹ̀ẹ́sì gba iṣẹ́ láti Pírámárì 4. Inú gbọ̀ngàn yín ni ààlà yẹn ti gba àárín bẹ́ǹṣì kọjá. Èmi máa ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún gbogbo wọn, màá sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ iṣẹ́ 4 àti 5 sójú pátákó. Àwọn òbí tó ń sanwó máa kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Kíláàsì tó máa ń ṣègbé ni 4. Àwọn kékeré ń sunkún, àwọn àgbà ní ìdánwò, àwọn tó wà láàárín á kàn dákẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ kó ìwé gbogbo wọn jọ, ẹ wo èyí tí bíírò pupa yín kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Bákan náà, ẹ má sọ ọmọ Pírámárì 5 tó já fáfá di tíṣà kékeré lójoojúmọ́. Kí wọ́n gbọ́ ìwé kíkà àwọn 3 fún ìgbà díẹ̀ ti tó, ẹ̀kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ wá.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ẹ má bá a du ohùn. Ẹ ní iṣẹ́ àdàkọ tàbí ìwé kíkà jẹ́jẹ́ nípamọ́ fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ẹ sì gba agogo kékeré ìjọ lọ́wọ́ wọn: ẹ̀ẹ̀kan, ẹ dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ yí padà. Ẹ bẹ alùfáà kó máa fún yín ní ètò ìjọ fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ìpàdé àdúrà tàbí ìsìnkú má kàn lé yín síta láìròtẹ́lẹ̀. Tí ọ̀gá ilé ìwé bá ní kí ẹ máa kọ nóòtì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún kíláàsì mẹ́ta, ẹ fi ọ̀kan hàn án tó ní òpó mẹ́ta lábẹ́ àkòrí kan. Ọ̀gá tèmi kọ́kọ́ bú mi, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sí i.

Ní ti kíkúrò: iṣẹ́ tó pọ̀ nìkan kọ́ ni màá torí ẹ̀ lọ. Bí owó oṣù bá ń fò, tí wọ́n sì ń gba ọmọ sí i láìgba tíṣà, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ìparí táàmù, kí ẹ sì kọ ibi tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan dé sínú ìwé fún ẹni tó ń bọ̀.