Géèjì Òwúrọ̀ Kì Í Sọ Òótọ́: Ọ́ìlì Inú Ẹ́ńjìnnì PT6A

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì PT6A ló wà lára bàálù wa. Láràárọ̀, kí a tó gbéra, tí mo bá fa géèjì ọ́ìlì yọ, kúọ́ọ̀tì mẹ́ta (kúọ́ọ̀tì kan tó bíi lítà kan) ló máa ń dín. Màá rọ ọ́ kún. Tí a bá fò dé, ọ́ìlì á ti ta sára ìbòrí ẹ́ńjìnnì, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kejì, géèjì á tún ti wálẹ̀. Ṣé ẹ́ńjìnnì yìí ń jò ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má jò rárá. Àkókò tí ẹ ń wo géèjì ni kò bá a mu.

Tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ọ́ìlì inú táǹkì máa ń rọra yọ́ gba inú pọ́ǹpù kọjá, á sì lọ sùn sí ìsàlẹ̀ gíábọ́ọ̀sì ẹ̀yìn. Kò sọnù, inú ẹ́ńjìnnì náà ló wà. Táǹkì nìkan ni géèjì rí. Ẹ wá rọ kúọ́ọ̀tì mẹ́ta lé e. Bí ẹ bá ti ṣíná, àwọn pọ́ǹpù tó ń kó ọ́ìlì padà á gbá èyí tó sùn wọ táǹkì, táǹkì á sì kún ju bó ṣe yẹ lọ. Páìpù ìmí ẹ́ńjìnnì ni àpọ̀jù yẹn máa ń gbà jáde, òun lẹ sì ń rí lára ìbòrí. Owó ọ́ìlì lẹ ń tú dà sófuurufú.

Ìlànà Pratt & Whitney Canada, àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà, ni pé kí a wo ọ́ìlì kó tó pé ìṣẹ́jú 30 tí a pa ẹ́ńjìnnì; ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló dára jù. Tí 30 bá ti kọjá, tí géèjì sì ní òun ń fẹ́ ọ́ìlì, ẹ má tíì ṣí agolo kankan. Ẹ ṣíná, ẹ jẹ́ kó rọra ṣiṣẹ́ nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 láìtẹ̀ ẹ́, ẹ pa á, kí ẹ tún un wò. Àmọ́ tí ọ́ìlì kò bá kan géèjì rárá, ẹ má ṣíná o. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹ́ńjíníà.

Ẹ fi aṣọ tí kì í já fọ́nrán nu géèjì, ẹ tì í wọlé dé ibi tó ń dúró sí, kí ẹ tó fà á yọ láti kà á. Nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í ka iye ọ́ìlì tó wà nínú táǹkì. Iye kúọ́ọ̀tì tó kù kó kún ló ń kà. Tó bá wà láàárín 1 sí 2, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ní ibi tó fẹ́ràn kí ọ́ìlì òun dúró sí, ohun tí ẹ bá sì rọ kọjá ibẹ̀ ló máa ń tu dànù. Tí ẹ bá máa rọ, kúọ́ọ̀tì kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wò ó. Orúkọ ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rọ, ẹ má fi òmíràn là á. Ẹ tètè fọ ọwọ́ yín, kẹ́míkà inú ọ́ìlì tọ́báìnì kò dára fún ara, ó sì máa ń ba ọ̀dà bàálù jẹ́.

Ìdérí géèjì ńkọ́? Ẹ tì í pa, kí ẹ sì fi ọwọ́ fà á wò. Èyí tí kò bá wọlé dáadáa lè da ọ́ìlì jáde lókè.

Ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá rọ sílẹ̀, pẹ̀lú wákàtí ẹ́ńjìnnì. Kúọ́ọ̀tì kan ní wákàtí 10 ni òpin tí ìwé ọ̀pọ̀ bàálù King Air tó ń lo PT6A fi sí i. Ẹ wo ti bàálù yín. Lójú tèmi, àyípadà ṣe pàtàkì ju òpin lọ. Ẹ́ńjìnnì tó ń mu kúọ́ọ̀tì kan ní wákàtí 40, tó wá ń mu ún ní 15, kò tíì rú òfin kankan, ṣùgbọ́n nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i.

Tí ó bá ti yí padà bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ máa wò nìyí: síìlì (ohun tó ń dí ọ́ìlì kó má jò) ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ iwájú àti síìlì ìdí jẹnẹrétọ̀. Tí ọ́ìlì bá ń rùn nínú yàrá èrò, ẹ fura sí síìlì bíárìnì iwájú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (apá ẹ́ńjìnnì tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀), nítorí ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni afẹ́fẹ́ yàrá náà ti ń wá. Tí géèjì bá wá ń gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rọ nǹkan sí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí epo bàálù, epo ti wọ inú ọ́ìlì nìyẹn, bàálù náà kò sì gbọdọ̀ fò títí ẹ́ńjíníà fi máa rí ibi tó gbà wọlé.